Ẹ̀bùn Tó Ń Mú Ọkọ Mi Rìn Láàárọ̀

Bàtà ni mo kọ́kọ́ rà. Kanfáàsì funfun báláú ni, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Ọjọ́ ìbí ọkọ mi ni. Mo fi bébà olódòdó dì í, mo gbé e fún un níwájú ọmọ wa, inú mi sì ń dùn débi pé èmi fúnra mi ni mo bá a tú u nígbà tí mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń falẹ̀. Ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Ó ní, "Ìyàwó mi, o ṣé gan-an. Bàtà yìí mà dára o." Ni ó bá gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó jókòó padà, ó sì ní kí n bá òun bu omi.

Ẹ má rò pé nítorí oge ni mo ṣe ra bàtà. Ọmọ kan ṣoṣo ni a bí, obìnrin, ó sì ti ń lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Láti ìgbà tí mo ti já a lẹ́nu ọmú ni a ti ń wá èkejì, a ò rí i. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ èmi wò, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe mí. Ọkọ mi ni dókítà ní kí ó jókòó kí àwọn jọ sọ̀rọ̀. Dókítà náà ní ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní họ́mónù, òun ni ó ń fún un lágbára, òun ni ó ń jẹ́ kí ó lè bímọ, àti pé ti ọkọ mi ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Kí ló fà á? Ikùn ni. Ìjókòó ni. Àìsùn ni. Akọ̀wé ni ọkọ mi ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Tó bá dìde lórí àga ọ́fíìsì, orí ọ̀kadà rẹ̀ ló ń bọ́ sí. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, orí àga pálọ̀ ni. Kódà tó bá fẹ́ ra káàdì fóònù ní ìkángun àdúgbò wa, ọ̀kadà ni. Dókítà ní kí ó máa rìn láràárọ̀, ìrìn tí òógùn yóò máa bọ́ níbẹ̀. Kí ó máa jẹ ẹyin, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, kí ó dín iyán kù. Kí ó máa tètè sùn. Kí ó jìnnà sí àwọn àgbo tí wọ́n ń gbé kiri fún ọkùnrin. Ó ní kí ó padà wá kí ọdún Iléyá tó dé. "Abẹ́rẹ́ wà o," ó ní, "ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yẹn lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tí ẹ ń wá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ yín ṣe é."

Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, ọkọ mi dá ọ̀kadà dúró lábẹ́ igi kan. Kò wo ojú mi. Ó ní, "Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ìyá mi gbọ́."

Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ ohun tí mo gbà! Ìyá ọkọ mi ń gbé ní Òkè-Ìlá, kò sì sí ìgbà tó wá kí wa tí kò ní fi mí ṣe orin. "Ọlọ́mọ kan ò kúrò lágàn," ni yóò wí, yóò sì máa wo ikùn mi bí ẹni tó ń wo ìkòkò tí kò hó. Lọ́dún yẹn, ó ti rí ọmọbìnrin kan ní Ọ̀tan Ayégbajú, onídìrí, ó ní ọmọ náà ní ìtẹríba, ó ní ìdílé rẹ̀ máa ń bí ìbejì. Ó sọ ọ́ sí mi lójú korokoro pé bí Iléyá bá kọjá tí òun kò gbọ́ ìròyìn ayọ̀ lẹ́nu mi, àwọn yóò lọ tọrọ rẹ̀ fún ọmọ òun. Èmi télọ̀ tí àwọn oníbàárà ń bẹ̀rù ẹnu mi ní gbogbo ọjà Ìlá, èmi tí mo lè bá ẹni tó bá pè mí lólè aṣọ jà títí ilẹ̀ á fi ṣú, mo ní, "Ẹ ṣé, màámi," mo wọlé, mo fi eyín gé fọ́nrán òwú bí ẹni pé òwú ló ṣẹ̀ mí.

Nítorí náà, nígbà tí bàtà kò ṣiṣẹ́, n kò káwọ́ gbera. Mo ra aago ọwọ́ tó ń ka ìṣísẹ̀ ènìyàn. Ọkọ mi fẹ́ràn aago yẹn! Ó so ó mọ́wọ́, ó jókòó ti iyán, gbogbo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ láti inú abọ́ dé ẹnu ni aago ń kà á sí ìrìn. Kí ó tó fọwọ́ tán, aago ti ń dún, ó ń kí i kú iṣẹ́. Mo ra irin tí àwọn géńdé fi ń kọ́ igẹ̀. Ó fi dí ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má baà máa gbá a. Mo ra okùn tí wọ́n ń fò. Ọmọ wa gbé e lọ sílé-ìwé. Mo ra ofio nítorí ẹnìkan sọ fún mi pé ó dára fún ọkùnrin. Ó da ṣúgà sí i, ó da mílíìkì sí i, ó ní kí n tún rà sí i. Inú á bí mi, inú á tún máa pa mí lẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, bóyá nítorí pé mo yọ ọ́ lẹ́nu ju bó ṣe yẹ lọ, ó gbé bàtà sọ̀, ó gbọn eruku rẹ̀, ó jáde lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè! Kò pẹ́, ó ti padà dé, ọ̀kadà ẹlòmíràn ni ó sì gùn dé. Ó jókòó, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ìbínú ni.

"Ṣé o mọ ohun tí wọ́n fi ojú mi rí?" ó ní. "Ẹni tí mo kọ́kọ́ pàdé ní, 'Akọ̀wé, níbo la forí lé láàárọ̀ kùtù?' Mo ní mo kàn ń rìn ni. Ó ní, 'Ẹ kàn ń rìn?' Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wò mí. Ẹni kejì ní ṣé kò sí o, ta ló ń ṣàìsàn? Àwọn ọlọ́kadà ò jẹ́ kí n gbádùn. 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ gùn ún, mi ò gbowó.' Mo ní rárá. Wọ́n ní háà, ṣé àwọn ṣẹ̀ mí ni?"

Ẹ gbọ́ ná. Ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Nígbà tí wọ́n kírun alásárì tán, àwọn àgbà láti mọ́ṣáláṣí wa wọlé wá bá wa, wọ́n jókòó, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé mo lé ọkọ mi jáde nílé láàárọ̀, tí ó ń rìn kiri ìgboro. "Ìyàwó," ni èyí àgbà nínú wọn wí, "sùúrù ni a fi ń gbé ilé ọkọ." Ọkọ mi bojú wolẹ̀. Mo rí i pé ẹ̀rín ló ń pa mọ́ra.

Nígbà tí wọ́n lọ, ó ní, "O ti rí i báyìí? Ní ìlú yìí, ẹni tó bá ń rìn tí kò ní ibi tó ń lọ, bí kò bá ya wèrè, ó ń jalè." Bàtà padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Èmi náà padà sí ìdí máṣíìnì mi, mo gbé ọwọ́ lérí, mo wo Iléyá tó ń bọ̀, mo sì ro ọmọbìnrin onídìrí yẹn.

Ọsàn ni ó wá yanjú ọ̀rọ̀ náà. Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, fi ọsàn mímu ránṣẹ́ sí ọkọ mi nítorí ó bá a kọ̀wé kan sí ìjọba. Ìsàlẹ̀ odò ni Àǹtí ń gbé, níbi tí ọ̀gbàrá ti jẹ ojú ọ̀nà tán. Kẹ̀kẹ́ kò gbà á, ọ̀kadà kò gbà á, ewúrẹ́ gan-an ń fara balẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ọkọ mi gbé fóònù láti kí i pé ẹ ṣé àná. Mo ní, "Dádì, àgbàlagbà lẹ fẹ́ fi fóònù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Fóònù kì í dọ̀bálẹ̀." N kò ní ohun kan lọ́kàn nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀, mo kàn ń ṣọ́ iyì ilé ìyá mi ni. Ó gbé fìlà sórí, ó jáde.

Nígbà tó padà, ẹ̀wù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀ tó-tó-tó. Mo pariwo, "Òógùn!" Ó ní, "Kí ló dé?" Mo ní kò sí nǹkan. Mo sáré wọ yàrá, mo fi ọwọ́ bo ẹnu, mo jó, mo jó tí ìró mi fi tú!

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ọkọ mi kò lè rìn láìní ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n kò sí bí yóò ṣe gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àgbà kí ó má lọ dúpẹ́. Ilé tó ti jáde kò gbà á. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Tí ẹnìkan bá sì bi í lójú ọ̀nà pé níbo ló ń lọ, yóò ní, "Mo fẹ́ lọ dúpẹ́ àná lọ́wọ́ ìyá kan," wọ́n á sì ní, "Ó dára o, ẹ bá wa kí wọn."

Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo lọ bá Àǹtí. Mo lọ bá ìyá kan tó ti jẹ ọ̀gá ilé-ìwé rí, orí àpáta lójú ọ̀nà Òkè-Ìlá ni ilé rẹ̀ wà, ẹsẹ̀ nìkan ló ń gùn ún. Mo lọ bá bàbá kan tó wa lọ́rì títí ó fi darúgbó, tó kọ́lé sí ìparí oko obì, níbi tí ọ̀nà ti di tóóró. N kò sọ àṣírí ọkọ mi fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo sọ ni pé dókítà ní kí ó máa rìn, ojú sì ń tì í láti rìn. Ìyá ọ̀gá ilé-ìwé rẹ́rìn-ín títí gíláàsì ojú rẹ̀ fi bọ́. Ó ní, "Gbé ẹ̀bùn náà wá, ọmọ mi. Èmi náà ń wá ẹni tí yóò máa wá kí mi."

Èmi ni mo ń ra ẹ̀bùn, àwọn ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́. Lónìí, ẹyin, tó bá tún yá, ẹ̀wà olóyin, ẹ̀pà tútù, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹja yíyan. Ara ohun tí dókítà kà sílẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀bùn á dé nírọ̀lẹ́, ọkọ mi á ní, "Àwọn àgbà ìlú yìí mà fẹ́ràn mi o!" Ilẹ̀ á mọ́, á wọ fìlà, á jáde. Láìpẹ́ ó fúnra rẹ̀ gbé bàtà funfun yẹn wọ̀, ó ní ọ̀nà orí àpáta ń yọ̀.

Ṣùgbọ́n mo ti gbàgbé nǹkan kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo fi téèpù mi wọn ìbàdí ọkọ mi bí mo ṣe fẹ́ rán ṣòkòtò fún un, mo rí i pé ó tún ti tóbi sí i! Mo ní, "Dádì, kí lẹ ń jẹ?" Ó ní, "Iyán ni. Àǹtí kì í jẹ́ kí n lọ láìjẹun." Háà! Mo ju téèpù sílẹ̀, mo sáré dé ìsàlẹ̀ odò, ìbínú kò jẹ́ kí n rí ọ̀gbàrá.

"Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"

Àǹtí gbé ọmọrí odó sílẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí rẹ pé? Ọkọ ọmọ mi wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, kí n wá jẹ́ kí ó padà lófìfo? Kí ni wọn yóò máa pè mí?"

A fà á síhìn-ín, a fà á sọ́hùn-ún. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ní ìgbẹ̀yìn ó gbà pé ìbẹ́pẹ ni òun yóò máa gé fún un, ṣùgbọ́n kí n mọ̀ pé tí ẹnikẹ́ni bá pe òun ní ahun, èmi ni mo fà á. Mo gbà. Àwọn yòókù kò yọ mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Bàbá onílọ́rì ní òun kò tilẹ̀ mọ oúnjẹ sè, omi ni òun máa ń bù fún un.

Lẹ́yìn èyí ni nǹkan wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Èmi télọ̀, téèpù kì í purọ́ fún mi. Mo fa ṣòkòtò rẹ̀ wọlé, mo tún fà á wọlé. Ó ń dìde lórí àga láìfọwọ́ ti orúnkún. Ìhanrun rẹ̀ tó máa ń gbọn fèrèsé wá dín kù. Ó ń bá ọmọ wa ṣeré lẹ́yìn ilé, ó ń sáré, ọmọ ń kígbe. Nǹkan mìíràn tún wà tó yí padà tí n kò ní sọ. Ẹ ṣáà mọ̀ pé àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé orin kí ni mo ń kọ nídìí máṣíìnì láti òwúrọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ mi kó àwọn àgékù aṣọ jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì níwájú mi. Ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti ká wọn. Aṣọ yunifọ́ọ̀mù tí mo ń rán fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ni, èyí tí mo fi ń di ẹyin kí ó má baà fọ́.

"Aṣọ yìí ni bàbá onílọ́rì fi di ẹyin fún mi," ó ní. "Òun náà ni ìyá orí àpáta fi di ẹ̀wà. Òun náà ni Àǹtí. Ṣé gbogbo wọn ti padà sílé-ìwé ni?"

Mo ní, "Dádì, ẹ má bínú. Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ó ti pẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ó kó àgékù aṣọ padà sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. "Tí mo bá sọ, níbo ni mo tún fẹ́ sọ pé mò ń lọ?" Ó wọ fìlà rẹ̀, ó jáde lọ dúpẹ́ ẹyin tí mo fi owó mi rà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Nígbà tí Iléyá ku díẹ̀, a lọ bá dókítà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, a padà lọ gbọ́ èsì. Dókítà jẹ́jẹ́ yẹn bọ ọkọ mi lọ́wọ́. Ó ní họ́mónù náà ti gòkè, ó ti gòkè dáadáa, kò sí ohun tí abẹ́rẹ́ fẹ́ wá ṣe mọ́. Ó ní ọmọ ṣì lè gba àsìkò, kí a má kánjú, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti ṣí. Alhamdulilahi! Mo dìde, mo fẹ́ dì mọ́ dókítà, ọkọ mi fà mí láṣọ padà.

Ọjọ́ kejì, ó jáde lẹ́yìn ìrun àsùbáà bí ó ti máa ń ṣe. Mo retí rẹ̀, n kò rí i. Oòrùn ràn, n kò rí i. Mo pe ìyá orí àpáta, ó ní kò dé ọ̀dọ̀ òun. Mo pe fóònù rẹ̀, inú yàrá ni ó ti ń dún. Ó kọjá ọ̀sán dáadáa kí ó tó wọlé, eruku dé orúnkún rẹ̀. Ó ní, "Mo lọ kí ìyá mi." Ó wẹ̀, ó sùn. Èmi kò sì lè gé aṣọ tààrà mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní nínú ara mi pé ara ti le tán, onídìrí Ọ̀tan ni wọ́n lọ sọ̀rọ̀ lé lórí. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi tún ọkọ ṣe fún ẹlòmíràn. Ojú mi pọ́n, ẹ̀rù sì bà mí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, mo ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà kan ti ń dúró de aṣọ Iléyá wọn, ni mo bá rí ìyá ọkọ mi lọ́ọ̀ọ́kán. Òun nìkan ni. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní gáréèjì, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀, ó ń dúró sinmi, ó ń rìn. Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú ìrìn mà."

"Dìde," ó ní. "Èmi ni ó yẹ kí n kúnlẹ̀, orúnkún ni kò gbà fún mi."

"Háà, màámi! Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ mi wá bá mi lánàá. Ẹsẹ̀ ni ó fi rìn wá láti ilé yín. Mo ní ta ló kú? Ó ní ẹnikẹ́ni ò kú. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun kò ní dìde títí òun yóò fi sọ ọ́ tán. Ó ní ara òun ni dókítà ti rí ohun tó ń dènà ọmọ, kì í ṣe ara rẹ. Ó ní o mọ̀." Ó di èjìká mi mú. "Gbogbo ohun tí mo ń sọ sí ọ, o mọ̀, o dákẹ́? Ìwọ, pẹ̀lú ẹnu rẹ yìí?"

"Ó ní kí n má sọ, màámi."

"Mo ti ránṣẹ́ sí àwọn ará Ọ̀tan. Mo ní kí wọ́n wá ọkọ fún ọmọ wọn."

Mo ní, "Ẹ wọlé, màámi, ẹ jókòó, kí n wá nǹkan tí ẹ ó fi panu."

"N kò wá jẹun. Ọpẹ́ ni mo wá dú. O bo àṣírí ọmọ mi lójú èmi tí mo bí i. Kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ìyẹn. O ṣé, ọmọ mi. O ṣé."

Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú níbẹ̀, lórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá, mo sì bú sẹ́kún. Àwọn oníbàárà mi dìde dúró. Ìyá ọkọ mi ń fà mí lápá, òun náà ń sunkún, ó ní kí n dìde, pé àwọn ènìyàn ń wò wá.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò."